Ìràwọ̀ méjì péré: bí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ṣe fojú mi rí màbo

Báàgì òkìríkà ni mo ń tà ní Yábàá, nítòsí Tejúoṣó. Ọdún kọkànlá rèé. Bí béélì bá dé, a ó tú u sílẹ̀, n ó ṣa èyí tó bá dáa, n ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọṣẹ fọ etí rẹ̀, n ó fi òróró pa awọ rẹ̀ kó lè dán, n ó gbé e síta oòrùn ya fọ́tò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí WhatsApp àti Instagram. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ta ló ní kí n tà á. Mo fowó rà á, ó di tèmi, mo tà á, mo jèrè. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ nípa áàpù kan tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì eré, torí ìgboyà iṣẹ́ yìí gan-an ló kó mi sí wàhálà.

Mi ò ní dárúkọ áàpù náà. Ọ̀rọ̀ ṣì wà láàárín wa, lọ́yà mi sì ní kí n pa ẹnu mọ́ lórí orúkọ. Ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Détì Dìsẹ́ńbà rí ní Èkó yìí lè ti lò ó, tàbí kó ti lo èyí tó jọ ọ́. Gbogbo wọn ló jọra bí ọmọ ìyá.

Kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n níbi tí ìyìn bá tọ́ sí wọn. Áàpù náà yá. Inú dánfó ni mo wà láti Ojúẹlẹ́gbà nígbà tí mo ra tiwa, kí kọ́ńdọ́ sì tó fún mi ní ṣéńjì, tíkẹ́ẹ̀tì ti dé. Ẹ ó rí àwòrán gbọ̀ngàn náà, ẹ ó rí àga kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ti rà á pọ́n, èyí tó ṣì ṣófo á funfun. Ẹ ó fọwọ́ kan àga tó wù yín. Eré àwọn àgbà ni, eré tí wọ́n fi ń jókòó wò, ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Victoria Island, ọjọ́ 27 oṣù Dìsẹ́ńbà tó kọjá. ₦40,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ojú ewé tó kẹ́yìn, nígbà tí mo ti fẹ́ sanwó tán, ni wọ́n tó fi ₦2,000 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní owó iṣẹ́ ni. Mo ráhùn díẹ̀, mo san án. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ₦126,000.

Ọ̀kan jẹ́ tèmi. Méjì yòókù jẹ́ ti àbúrò ọkọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Eyínfúnjowó ni mo máa ń pè é, torí ọmọ ilé ni, mi ò lè dárúkọ ẹ̀. Ọkọ tèmi ní òun ò lè san ₦40,000 kí wọ́n wá máa fi ariwo dí òun létí, ó ní òun ní jẹnẹrétọ̀ nílé.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà sí eré, ìpè wọlé láti Ìbàdàn. Eyínfúnjowó lóyún oṣù méje, ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀, dókítà sì ti dá a dúró sí ọsibítù. Àti orí bẹ́ẹ̀dì náà ló ti ń bẹ̀ mí.

“Ìyàwó wa, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ ti náwó.”

“Ẹ̀yin ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn ìyá gbọ́ ohùn ọmọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ mi ló wà.”

Ohun tí mo sọ nìyẹn, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Ta ló tún mọ ọjà tà jù mí lọ? Mo wo inú áàpù bóyá ibi tí wọ́n ti ń dá tíkẹ́ẹ̀tì padà wà. Kò sí. Bọ́tìnnì “Rà” wà, “Fi han ọ̀rẹ́” wà, “Dá padà” ò sí níbì kankan. Mo bá ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì náà, mo gbé e sí ojú ewé Instagram mi láàárín báàgì dúdú kan àti pọ́ọ̀sì aláwọ̀ búráùn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mi ò kọ ₦40,000 síbẹ̀. ₦55,000 ni mo kọ. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á tán lórí áàpù, àwọn ará òkè òkun ti wálé ọdún, ọjà sì ti gbóná. Èmi tí mo ń ra báàgì ₦3,000 tí mo ń tà á ₦9,000, ṣé n ó wá ta tíkẹ́ẹ̀tì ní iye tí mo rà á ni?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Gbàgádà rà méjèèjì. Ó fẹ́ mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ. Ó fi ₦110,000 ránṣẹ́, mo fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ránṣẹ́ sí i. Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọlọ́run á bùkún ọjà yín.” Mo ṣe àmín.

Ẹ wá wo ẹnu géètì ní aago méje ààbọ̀ alẹ́. Ìlà ti gùn dé títì. Bùbá àdìrẹ ni mo wọ̀, pẹ̀lú bàtà tuntun tó ti ń bó mi ní gìgísẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì gbé okùn ìdánimọ̀ kọ́rùn, ó di fóònù dúdú kékeré mú, ó ń gbé e sójú kóòdù orí fóònù àwọn èèyàn. Bó bá dára, ẹ̀rọ á dún “tín”, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Ó gbé e sójú tèmi. Kò dún “tín”. Ó dún “púù”, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà kórìíra mi, iná pupa tàn.

“Ó ti kú, mà.”

“Kí ló kú?”

“Tíkẹ́ẹ̀tì yín, mà. Ó ti kú.”

Ó tún un kà, púù. Ó fi àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu ojú ẹ̀rọ náà, ó tún un kà, púù. Báńsà kan tó ga bí òpó iná ní, “Ìyá, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ káwọn èèyàn kọjá.” Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gbàgádà dé, òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nínú ẹ̀wù fàdákà gbọọrọ tó ń wọ́ nílẹ̀. Kí n tó lanu, wọ́n ti bọ́ síwájú ẹ̀rọ. Púù. Púù.

Mo yẹ íméèlì mi wò. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà. Inú àpótí tí Gmail máa ń da ìpolówó sí ni lẹ́tà náà bọ́ sí, láàárín ìpolówó bọ́ọ̀sì àti ti ilé ìgẹrun. Ó ní wọ́n rí tíkẹ́ẹ̀tì mi lórí Instagram, mo ń tà á ju iye rẹ̀ lọ, ìyẹn lòdì sí ìpín kẹsàn-án àdéhùn wọn, wọ́n sì ti fagi lé gbogbo ohun tí mo rà. Gbogbo ẹ̀. Àti tèmi tí mi ò fi lọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ta mí létí jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà, tábìlì kan wà tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí kò ní. ₦50,000 ni wọ́n kọ sára páálí. Mo wò ó, mo tún un wò. Èmi tà á ₦55,000, mo di arúfin. Àwọn gan-an ń ta àga tí mo ti sanwó rẹ̀ ní ₦50,000, tàbí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí èyíkéyìí, ta ló mọ̀?

Mo jókòó sórí etí ìkòkò òdòdó onísìmẹ́ńtì kan, mo bọ́ bàtà, mo sì dá ₦110,000 padà fún ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, áàpù bánkì ń yí bírí bírí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun náà sì dúró tì mí. Kò bú mi. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀.” Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni kò sọ ohunkóhun. Ó kàn ń fọwọ́ gbé etí ẹ̀wù fàdákà rẹ̀ kó má baà kan omi tó dúró sílẹ̀. Ìyá tó bí mi ì bá bú mi lọ́jọ́ náà, ì bá sàn fún mi ju ìdákẹ́jẹ́ ọmọ yẹn lọ.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo gbé báàgì awọ búráùn kan, mo wọ mọ́tò dé CMS, mo fẹsẹ̀ rìn dé Igbóṣere lọ́dọ̀ oníbàárà mi kan tó jẹ́ lọ́yà. Ọmọdé ni lójú mi, àmọ́ ó mọṣẹ́ rẹ̀. Mo ní báàgì náà ni owó ìmọ̀ràn. Ó yí i lọ́tùn-ún, ó yí i lósì, ó fimú gbóòórùn awọ rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì Káyọ̀dé, ẹ jókòó.”

Ohun tí mo bi í kò gùn: kí ló dé tí mo lè ta báàgì ẹlòmíràn, tí mi ò lè ta tíkẹ́ẹ̀tì ara mi?

Ó ní nípa báàgì, mo jàre pátápátá. Ó ní ìjà ọ̀hún ti pẹ́ láyé. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tẹ ìwé jáde, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á dín ní dọ́là kan. Ilé ìtajà Macy's tà á ní sẹ́ǹtì 89. Wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ gíga jùlọ, ní ọdún 1908 wọ́n sì dájọ́ pé ẹni tó ti ta ìwé rẹ̀ tó ti gbowó kò lè máa tọ ìwé náà lẹ́yìn kiri láti pàṣẹ iye tí ẹlòmíràn máa tà á. Ó fò dé ọdún 2013: ọmọ ilẹ̀ Thailand kan tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà ní káwọn ẹbí òun máa ra ìwé ẹ̀kọ́ tó rọjú nílé fi ránṣẹ́, ó ń tà á lórí eBay. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ pè é lẹ́jọ́, ó jàre wọn nílé ẹjọ́ kan náà. Inú mi dùn sí ọmọ yẹn bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Òwò tèmi gan-an ló ń ṣe: kó o ra a níbi tó ti pọ̀, kó o tà á níbi tí wọ́n ti ń wá a.

Nílé níbí náà, ó ní òfin ọjà títà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ti wà láti 1893, kò dí mi lọ́wọ́ láti tún ohun tó jẹ́ tèmi tà. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni kí n ta ohun tí kì í ṣe tèmi, torí èèyàn kì í fúnni ní ohun tí kò ní. Ìyẹn ni pé ẹni tó ra fóònù olè ní Ìkẹjà, tí olówó rẹ̀ wá bá a níbẹ̀, fóònù náà ò tíì di tirẹ̀, ì báà mú rìsíìtì mẹ́wàá jáde. Ayédèrú báàgì tún yàtọ̀, àmọ́ èmi kì í tà á, bí mo bá rí i nínú béélì, ọmọ mi ló máa ń fi kó ìwé lọ sílé ẹ̀kọ́.

“Tíkẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, ẹ ti lọ sóde tí wọ́n ti dá aṣọ ẹbí rí?”

“Ìbéèrè wo nìyẹn?”

“Tẹ́ ẹ bá ra aṣọ ẹbí tán, tẹ́ ò bá wá lọ mọ́, ẹ lè ta aṣọ náà. Aṣọ yín ni. Ṣùgbọ́n àga tí wọ́n tò sábẹ́ kánópì, àwo ìrẹsì, súfìníà, ṣé ẹ lè ta ìyẹn fún ẹni tí olóde ò mọ̀ rí?”

Mo dákẹ́. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe aṣọ, àga abẹ́ kánópì ni. Wọn ò ta nǹkan kan fún mi, wọ́n fún mi láyè láti wọlé ni, àyè náà sì ní àdéhùn tirẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ètò inú kọ̀ǹpútà rí: ní 2010, ọkùnrin kan tó ra sọ́fúwià nílé ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tó fẹ́ tà á lórí eBay, fìdí rẹmi nílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, torí àṣẹ ìlò ni wọ́n fún ẹni tó kọ́kọ́ gbà á, wọn ò tà á fún un. Gbogbo orin tí mo san owó rẹ̀ sórí fóònù mi wá ń wá sí mi lọ́kàn. Mo rò pé tèmi ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù. Ó ní kí n dúpẹ́ pé Èkó ni mo wà. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, láti 1994 ni òfin ti sọ pé ẹni tó bá ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù láìgba àṣẹ ti dẹ́ṣẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kàn máa pa tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lè fojú ba ilé ẹjọ́. Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì Òlímpíìkì 2012 náà rí bẹ́ẹ̀, òfin tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 2006. Ti àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019: ẹni tó bá sọ ọ́ dòwò láti máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ju iye rẹ̀ lọ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí kó san mílíọ̀nù kan yẹ́ẹ̀nì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìwọ tó ò ń fi ₦15,000 lé e lórí yìí, ní Tokyo, wọn ì bá ti bi ọ́ pé báàgì mélòó lo fi bò ó.” Àwàdà rẹ̀ kì í pa mí lẹ́rìn-ín.

Mi ò sì ní purọ́, mo mọ ìdí tí òfin wọ̀nyí fi wà. Lọ́dún kejì sí ìsinsìnyí, mo gbìyànjú láti ra tíkẹ́ẹ̀tì eré kan fún ọmọ mi. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ṣí i, nígbà tó fi máa di mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, kò sí mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti kún orí Instagram ní ìlọ́po méjì. Àwọn kan ní ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń rà á kó sílẹ̀ kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tó tẹ bọ́tìnnì. Amẹ́ríkà ṣòfin lòdì sí ìyẹn gan-an ní 2016. Torí náà bí áàpù bá sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tà á ju iye rẹ̀ lọ, mi ò bá wọn jà. Ọlọ́jà ni mí, àmọ́ mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń jèrè àti ẹni tó ń kó ọjà pamọ́ kí ọ̀wọ́n lè dé.

Ìjà tèmi ni pé wọn ò sọ fún mi. Lọ́yà mi gba fóònù mi, ó wá àdéhùn náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ojú ewé ló wà, lẹ́tà eérú lórí funfun, kéékèèké bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó ń fọwọ́ tì í sókè títí tí àtàǹpàkò fi ń dùn ún, Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà látòkè délẹ̀, ìpín kẹsàn-án wá sápamọ́ láàárín ọ̀rọ̀ nípa ajá, kámẹ́rà àti omi inú ike. Ó ní òfin wa wà lórí èyí. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, kalẹ̀ sọ pé èdè tó yé èèyàn ni kí wọ́n fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ìpín 127 rẹ̀ kọ àdéhùn tó bá rẹ́ oníbàárà jẹ, ìpín 128 sì ní irú àdéhùn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi han èèyàn gbangba kó tó sanwó.

Ó wá ṣí ìpín 120, ó sì tẹjú mọ́ mi.

“Mọ́mì Káyọ̀dé, ẹ ní kí ló ṣe àbúrò ọkọ yín?”

“Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù.”

“Ẹ wá lọ tà á lórí Instagram?”

Ìpín 120 sọ pé oníbàárà lè fagi lé ohunkóhun tó bá ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, ẹni tó ń tà lè yọ ìwọ̀nba owó tó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n rà á fún kú, tàbí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, wọn ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀. Ìyẹn ni pé ká ní mo kọ̀wé sí wọn ní ọjọ́ tí ìpè Ìbàdàn wọlé, kí n fi ìwé dókítà tì í, ₦40,000 ti Eyínfúnjowó yẹ kó padà wá ní odindi, ti ọkọ rẹ̀ náà á padà wá, wọ́n kàn lè gé e létí díẹ̀. Èmi fi èyí sílẹ̀, mo ń lé ₦26,000 èrè. Lọ́yà mi ò fi bò fún mi. Ó ní lórí tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí mo tà, ẹsẹ̀ kan ni mo fi dúró. Lórí èyí tí mi ò tà, ẹsẹ̀ méjèèjì ni, torí kí ni tíkẹ́ẹ̀tì tèmi ṣe tí wọ́n fi pa á mọ́ ti àwọn yòókù?

Bí mo ṣe bá àwọn oníṣẹ́ áàpù náà fà á ò gba àlàyé púpọ̀. WhatsApp wọn máa ń kọ́kọ́ dáhùn bí ẹ̀rọ, “Hello dear”, lẹ́yìn náà ọmọbìnrin kan á wá, ohùn rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yí padà: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, òfin ilé-iṣẹ́ ni.” Mo bi í pé ṣé òfin ilé-iṣẹ́ ga ju ti ìjọba lọ ni. Ó ní òun á béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́jọ́ náà, ó ń béèrè títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn tí lẹ́tà lọ́yà dé ọ̀dọ̀ wọn, pẹ̀lú ìwé ọsibítù àti àwòrán tábìlì ₦50,000 ẹnu géètì tí mo yà lọ́jọ́ náà, wọ́n dá ₦40,000 padà. Tèmi. ₦2,000 owó iṣẹ́ ò bá a wá, bí ẹni pé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe fún mi.

Ti Eyínfúnjowó la ṣì ń fà. Ní Èkó níbí, láti 2018 ni ilé ẹjọ́ kékeré fún gbèsè ti wà, gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, kò sì pọn dandan kéèyàn gba lọ́yà. Lẹ́tà ìbéèrè owó lèèyàn á kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ ẹ́. Tèmi ti lọ. Ọkọ mi ní kí ni mo ń fi ₦40,000 lé kiri, ṣé owó mọ́tò mi ò ní jù ú lọ. Ó lè jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá mú báàgì tí zíìpù rẹ̀ já wá bá mi, èmi kì í sọ fún un pé òfin ṣọ́ọ̀bù ni.

Ìràwọ̀ wá kù. Mo fún wọn ní kan torí pé ó yá, pé àga máa ń hàn kedere, pé owó kì í sọnù lójú ọ̀nà. Mo fún wọn ní ìkejì torí pé wọ́n dá owó tèmi padà níkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tipátipá ni. Ìkẹta ì bá jẹ́ tiwọn ká ní wọ́n fi bọ́tìnnì “Dá padà” síbẹ̀, ká kàn lè tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi àga náà lé ẹni tó tẹ̀ lé wa lọ́wọ́ ní iye tí a rà á. Kò ní ẹ̀tàn nínú, kò sì sẹ́ni tó máa wá ọ̀nà Instagram mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á lọ́dún yìí, kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ sísàlẹ̀ ojú ewé yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa títà fún ẹlòmíràn, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí fóònù yín. Bí ẹ bá rà fún èèyàn mẹ́ta, ẹ rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ti ẹnì kan má baà pa ti ẹnì kejì. Bí wọ́n bá sì ń tà á fún yín lórí Instagram pẹ̀lú àwòrán báàgì lápá ọ̀tún lápá òsì, ẹ sá.

Eyínfúnjowó bí ọmọbìnrin ní oṣù Fébúárì, láyọ̀ àti àlàáfíà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àfẹ́sọ́nà ọmọ Gbàgádà yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀, torí kò wọ ẹ̀wù fàdákà. Pọ́ọ̀sì fàdákà kékeré kan ló gbé, ó ní èyí á bá ẹ̀wù òun mu. Mo pe ₦11,000 fún un. Ó wò mí dáadáa, ó ní òun á san ₦4,000.

Mo wé e fún un.